PPA, KIV, PTAD: ta ni wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ kúrú fún?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òbí kan ní Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Ọmọbìnrin mi gba ìwé ìpè NYSC. Mo ní kó ka ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: PPA, CDS, SAED, POP. Ìyẹn ò tíì tán lára mi tí ẹ̀gbọ́n mi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba fi pè mí, pé wọ́n ní kí òun lọ sí PTAD, òun lọ sí ọ́fíìsì PFA kan, wọ́n ní àwọn ò mọ òun rí. Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé kí ọmọ mi ti kọ́ èdè àwọn sójà kó tó dé káǹpù, kí wọ́n má baà máa fi ṣe yẹ̀yẹ́? Èkejì, kí ló dé tí ìjọba ò lè sọ̀rọ̀ kí èèyàn gbọ́? Àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni?

* * *

Ti ọmọ yín ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí káǹpù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kó mọ èdè wọn létí, kó má sọ ọ́ lẹ́nu. Sójà tó bá gbọ́ "ajuwaya" lẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ báàgì kalẹ̀ á rò pé ó ń fi òun ṣeré ni, á sì ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká.

Èyí tó yẹ kó mọ̀ ò pọ̀. "Ajuwaya" ni "as you were" tí ẹnu sójà ti lọ̀ kúnná: ẹ ò ṣe é dáadáa, ẹ padà sí bí ẹ ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹ tún un ṣe. "Double up" ni kí ẹ sáré. "Otondo" ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣì wà ní káǹpù, kò tíì di kọ́pà lójú wọn. RSM ni olórí àwọn sájẹ́ǹtì, òun ni ohùn ẹ̀ máa ń dún jù ní pápá. Bó bá ń bọ̀, kí ọmọ yín má wà lójú ọ̀nà. Mami ni ọjà inú káǹpù, ibẹ̀ sì ni owó tí ẹ fún un máa gbà lọ. Ìtàn tí àwọn ológun máa ń sọ jù lórí orúkọ yẹn ni ti Arábìnrin Maria Ochefu, ìyàwó sójà kan ní bárékè Enugu, tó ń ta kunu fún àwọn ọmọ ogun kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ọjà Mami, orúkọ náà bá wọn dé gbogbo bárékè, ó sì bá NYSC wọ káǹpù nígbà tí ìjọba Gowon dá a sílẹ̀ ní 1973.

Àwọn lẹ́tà tó kù, ti owó àti àkókò ni wọ́n, àwọn yẹn ni kó há sórí. PPA ni ibi tí wọ́n bá pín in sí láti ṣiṣẹ́. CDS ni iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. SAED ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. LGI ni òṣìṣẹ́ NYSC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni clearance oṣooṣù wà. Kò sí clearance, kò sí aláwìí, ìyẹn owó oṣù tó jẹ́ 33,000 náírà láti 2020, tó wá di 77,000 ní 2025. POP ni ayẹyẹ ìparí. Bí wọ́n bá fún un ní nọ́ńbà tó dà bíi OY/24A tí nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé e, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ni ìpínlẹ̀, lẹ́yìn náà ọdún, lẹ́yìn náà ìsọ̀rí. Bó bá kọ ọ̀kan sódì lórí fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀ lè pẹ́.

Ti ìbéèrè kejì, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

* * *

Mo ti rí èsì yín. Ọ̀pọ̀ yín gbà pé kí ọmọ pa ẹnu mọ́. Ẹni kan láti Ìlọrin, tó ní òun ti ṣe sójà rí, kò gbà. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ èdè àwọn ni àwọn máa ń fẹ́ràn, pé RSM tí òun mọ̀ máa ń yọ́ fún ọmọ tó bá dá a lóhùn bí ọmọ bárékè.

Ọ̀gá mi, ẹ̀yin wọ kákí kí ẹ tó sọ ọ́. Ọmọ tó gbọ́ ọ lórí TikTok kọ́ ni ẹ jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Èdè àárín ara wọn ni, bí ẹnà ṣe jẹ́ láyé àtijọ́: àjèjì tó bá bá wọn pa ẹnà láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ, ara á kọ́kọ́ fu wọ́n sí i ni.

Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú yín lórí ohun kan, èyí tí àwọn tó ń bú sójà níbí ò rí. Sójà ò gé ọ̀rọ̀ kúrú láti fi ṣe fáàrí. Ẹ gbé wọ́kì-tọ́kì sétí níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, kí ẹnì kan máa pe B, D, P àti T fún yín. Ẹ ò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe Bravo, Delta, Papa, Tango. Láti 1956 ni ti Alpha, Bravo yìí ti wà bó ṣe wà yìí. "Roger" tí gbogbo yín ń sọ lẹ́nu, orúkọ lẹ́tà R ni nínú ti àtijọ́, R sì dúró fún "received", mo ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n yí i padà, R di Romeo, ṣùgbọ́n Roger ti jókòó sẹ́nu, kò dìde mọ́. "Wilco" ju Roger lọ: mo gbọ́, màá sì ṣe é. Ẹni tó sọ Wilco kò nílò kó tún sọ Roger.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi èyí kún un, torí ó ń bí mi nínú. Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ géètì níbi ìnáwó, wọ́n á gbé rédíò sẹ́nu, wọ́n á ní "over and out." "Over" ni pé mo ti sọ tèmi, mò ń retí tìrẹ. "Out" ni pé ọ̀rọ̀ ti tán, mi ò retí ohunkóhun. Ẹni tó sọ méjèèjì pọ̀ ní òun ń retí èsì, òun ò sì retí èsì.

Àwọn baba wa náà mọ̀ ọ́n gé. Ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ ní àrokò, ẹ̀fà ló fi ránṣẹ́: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tó gbé e ò nílò kó mọ ohun tó gbé, ẹni tó gbà á á lóye lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yá, kí ó sì dé láìyí padà, ohun tí ológun ń wá nìyẹn.

* * *

Wàyí o, ọ́fíìsì. Níbí ni èmi àti ẹ̀yin tí ẹ ní "bákan náà ni gbogbo wọn" ò ti ní fẹnu kò.

Mo ti jókòó ti fáìlì pẹ́ nílé iṣẹ́ ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Awakọ̀ kan níbẹ̀ kọ ìwé pé kí wọ́n san DTA òun, owó ìrìn àjò tó fi iṣẹ́ ìjọba lọ tó sì ti ná lápò ara ẹ̀. Fáìlì yẹn kọjá lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n kọ sí i, láti òkè dé ilẹ̀, nìyí:

*HOD Admin: pls treat.*
*DFA: for your n/a pls.*
*Is there a vote? Pls speak.*
*Spoken. KIV.*

Mo ní kí n túmọ̀ ẹ̀ bí awakọ̀ yẹn ṣe yẹ kó gbọ́ ọ. HOD Admin ni olórí ẹ̀ka ìṣàkóso. "Pls treat": iṣẹ́ tìẹ nìyí, kì í ṣe tèmi. "N/a" ni ìgbésẹ̀ tó yẹ; ẹni tó kọ ọ́ ò sọ ìgbésẹ̀ wo. DFA ni ọ̀gá ìṣúná. "Vote" kì í ṣe ìbò o, owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú ìwé ìnáwó ni. "Pls speak": wá fẹnu sọ ọ́ fún mi, mi ò fẹ́ kó wà lórí ìwé. "Spoken": a ti sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tí a sọ láéláé. KIV ni "keep in view", kí fáìlì wà níwájú ojú. Níwájú ojú yẹn, abẹ́ fáìlì mìíràn ló wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn fáànù tó ti bàjẹ́.

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn ò ní san án. Bí awakọ̀ bá dé, wọ́n á ní "ó ti wà ní KIV", á ní ẹ ṣeun sà, á lọ. Ológun ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kí nǹkan lè yá. Ọ́fíìsì ń gé e kúrú kí nǹkan má baà yá. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò sì kúrò níbẹ̀.

* * *

Bàbá kan, tó ní òun ti jẹ ọ̀gá ní sẹkitéríàtì, fún mi ní ìbáwí. Wọ́n ní mò ń ba iṣẹ́ ìjọba lórúkọ jẹ́, pé ẹni tí fáìlì tó wà níwájú ẹ̀ ga dé àyà kò ráyè kọ lẹ́tà gígùn sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé àwọn òyìnbó tó fi í lélẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo gbọ́, sà. Àwọn lẹ́tà fúnra wọn ò dẹ́ṣẹ̀. NFA, kò sí ohun tí a tún máa ṣe sí i, olóòótọ́ ni: ẹni tó rí i mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì, á wá ọ̀nà mìíràn. BU náà dára, ìyẹn "bring up", ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ báyìí. Ọjọ́ máa ń wà lára BU. Kò sí ọjọ́ lára KIV, ibẹ̀ sì ni gbogbo jìbìtì fara pa mọ́ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí fáìlì yín wà níbì kan, ẹ má béèrè pé "ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?" Ẹ bèèrè pé "BU ọjọ́ wo ló wà lórí ẹ̀?" Akọ̀wé máa gbójú sókè wò yín. Bí ò bá sí BU, ẹ rọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ kó gbé fáìlì padà síwájú ọ̀gá, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Ẹ gba nọ́ńbà fáìlì àti nọ́ńbà ojú ìwé tí lẹ́tà yín wà. Ẹni tó mọ nọ́ńbà ojú ìwé, wọn ò lè sọ fún un pé wọn ò rí i.

* * *

Èyí fún ẹ̀rín, torí ẹ ti ń ranjú mọ́ ara yín.

CO ní bárékè ni ọ̀gá pátápátá, Commanding Officer, ẹni tí gbogbo bàtálíọ̀nù ń dìde fún. CO ní ọ́fíìsì ìjọba ni Clerical Officer, akọ̀wé kékeré tó ń gbé fáìlì kiri. CDS lẹ́nu kọ́pà ni iṣẹ́ ìlú. CDS lẹ́nu sójà ni olórí gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà. Kọ́pà tó bá sọ fún sójà pé "mi ò lọ sí CDS lónìí, ó sú mi", kó má yà á lẹ́nu bí ojú bàbá yẹn bá yí padà. PS lè jẹ́ Permanent Secretary, ó lè jẹ́ akọ̀wé àdáni ọ̀gá, ó sì lè jẹ́ "pls speak" tí wọ́n gé lórí gé. PA ni ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé báàgì ọ̀gá, òun kan náà ni "put away", ẹ lọ tọ́jú fáìlì yìí síbi tí a ti máa gbàgbé ẹ̀. ADC ni sójà tàbí ọlọ́pàá tó ń dúró lẹ́yìn gómìnà, ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. AG? Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá Attorney-General ti òfin ni àbí Accountant-General ti owó.

Ẹnì kan ní Ṣàgámù ní POP tí òun mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń ṣe sí àjà ilé. Ó tọ̀nà.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé láti Houston. Ọmọ wọn wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń kọ sí wọn lórí WhatsApp kìkì lẹ́tà ni, wọ́n ní ó jọ pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Mà, kò fi nǹkan pamọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. MOS ni iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ológun. PCS ni pé wọ́n ń gbé e lọ sí ibùdó mìíràn, kì í ṣe ìrìn àjò lásán; ti ìrìn àjò iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ni TDY. BAH ni owó ilé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún un gan-an, LES ni kí ẹ ní kó fi hàn yín; gbogbo owó àti ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí àlàyé ẹnu tó lè bò ó. Bó bá ní àwọn ń jẹ MRE, oúnjẹ inú ọ̀rá ni. "Meal, Ready-to-Eat" ló dúró fún, àwọn sójà Amẹ́ríkà sì máa ń ní irọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kì í ṣe oúnjẹ, kò ṣe tán, kò ṣe é jẹ. SNAFU náà, láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni pé nǹkan ti dàrú bó ṣe máa ń dàrú. F inú ẹ̀, ẹ má ní kí ọmọ yín túmọ̀ ẹ̀ fún yín.

Kí n fi èyí kún un fún ẹni tó ní ìgékúrú ológun ilẹ̀ òkèèrè ò kàn wá. Láti 2009 títí di 2016, wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ MAVNI, tó jẹ́ kí àwọn tí kò tíì ní káàdì ìgbélùú wọlé sí ológun Amẹ́ríkà bí wọ́n bá gbọ́ èdè tí ológun nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà. Àwọn ọmọ wa kan wà tó jẹ́ pé èdè ìyá wọn ló sọ wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà.

* * *

A ti ya bàrà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ̀wé láti Peckham sílẹ̀. Ó ní Yorùbá ò ní ìgékúrú, pé ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń fi í rẹ́ wa jẹ.

A ò nílò ẹ̀ ni. Ìgbà tí Action Group wà, ta ló ń pe AG lóko? Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni wọ́n ń pè é. NCNC di Alákùkọ, NNDP di Dẹ́mọ̀. Lónìí, ẹ lọ sí ọjà Ọjà-Ọba, onígbálẹ̀ ni wọ́n ń pe APC, alábùradà ni wọ́n ń pe PDP. Ohun tó wà lójú ìwé ìdìbò ni wọ́n ń pè. Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, oyè gígùn ni ìjọba òyìnbó fún un, wolé-wolé ni àwọn ìyá wa pè é. Àwọn tó ń ṣọ́ òpópónà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, láti 1977, tí FRSC ò tíì sí, májà-májà ni wọ́n ń jẹ́. Ní January 2020 tí wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn jáde n'Ìbàdàn, orúkọ òyìnbó ẹ̀ ni Western Nigeria Security Network. Ẹ wá ẹni tó ń pe WNSN wá fún mi. Àmọ̀tẹ́kùn pa á jẹ lọ́jọ́ kan náà.

Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, náà ńkọ́? Èdè òyìnbó ló sọ nílé ìgbìmọ̀, "peculiar mess", àwọn ará Ìbàdàn sọ ọ́ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́sì, ó sì di ọ̀rọ̀ wa títí dòní.

Èyí tí a ò bá lè yí lórúkọ, a máa ń yí i nítumọ̀. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972, "Never Expect Power Always" ni gbogbo ìlú kà á sí: má retí iná nígbà gbogbo. Wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, àwọn èèyàn ní "Problem Has Changed Name", wàhálà ti pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n tà á fún aládàáni ní 2013, àwọn ọmọdé tí wọn ò bí nígbà yẹn ṣì ń pariwo "Úùpù NEPA!" bí iná bá dé. Kì í ṣe àwa nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn ọmọ ogun wa bá lọ sí Làìbéríà ní 1990, àwọn ará ibẹ̀ rí bí mọ́tò wọn ṣe ń pòórá, wọ́n ní ohun tó dúró fún ni "Every Car Or Moving Object Gone." Gbogbo mọ́tò àti ohunkóhun tó bá ń rìn, ó ti lọ. Sójà wa ò fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹnu fọ̀.

Ẹni tó ní "sapa" tí àwọn ọ̀dọ́ ń pe àìlówó wá láti ara SAP, ètò ọrọ̀ ajé ti 1986, mi ò gbà. Àwọn ọmọ tó ń sọ sapa ò mọ SAP yàtọ̀ sí súyà. Ẹni tó bá fẹ́ jà lórí ẹ̀, kó ṣí ojú ìwé tiẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ò tíì jáde, ó sì yẹ kó jáde, torí tiwọn ò jọ ti sójà, kò sì jọ ti ọ́fíìsì.

Ní tẹ́ṣàn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣe pàtàkì sí yín: IPO, ọlọ́pàá tí ẹjọ́ yín wà lọ́wọ́ ẹ̀. DPO ni ọ̀gá tẹ́ṣàn, àmọ́ DPO ò ní mọ yín. Ẹ mọ orúkọ IPO, ẹ mọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Ìyókù tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó mọ́ lójú ni, tí inú ẹ̀ ò mọ́. "Ẹ mọ́bíláìsì wa": ẹ gbé owó epo wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò lọ mú ẹni tó jà yín lólè. "Ẹ ṣe PR": ẹ fún wa ní nǹkan. "Happy weekend, sà", lọ́jọ́ Wednesday, ẹ mọ ohun tó ń béèrè. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ṣe kedere ju tiwọn lọ: ẹni tó gba ẹ̀gúnjẹ mọ̀ pé ẹ̀gúnjẹ lòun gbà. Ẹni tó gba "logistics" lè búra lórí Bíbélì pé òun ò gba rìbá rí.

Àwọn kan ní kí èèyàn máa fèdè wọn dá wọn lóhùn, pé ó máa ń jẹ́ kí wọ́n dín owó kù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní "ẹ jẹ́ kí n mọ́bíláìsì yín" ti gbà pé gbèsè wà lọ́rùn òun. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ṣé owó tí òfin ní kí n san ni, ṣé ẹ máa fún mi ní rìsíìtì?" Ọ̀rọ̀ máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

* * *

Ará Òṣogbo, mo padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n yín, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀, wọ́n kàn yí òfin padà láìrántí pé àwọn tó ti darúgbó ló máa kà á.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ta ló gbà wọ́n síṣẹ́, ọdún wo ni wọ́n sì fẹ̀yìn tì? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004 ló pín ọ̀nà sí méjì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ̀yìn tì ṣáájú July 2007 wà lábẹ́ ètò àtijọ́, ọ̀dọ̀ PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì ètò àtijọ́ yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, ni tiẹ̀ wà. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìgbà náà ní àkántì RSA lọ́dọ̀ PFA kan, iléeṣẹ́ aládàáni tó ń tọ́jú owó náà. PenCom kì í san owó fún un, PenCom ló ń ṣọ́ àwọn PFA. Bí wọ́n bá jẹ́ ológun, kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú méjèèjì, torí àwọn ológun jáde kúrò nínú ètò tuntun ní 2011, Military Pensions Board ni tiwọn. Bó bá sì jẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n má wulẹ̀ wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ìpínlẹ̀ ni kí wọ́n lọ.

Ẹni tó rán wọn sí PTAD ti mọ èyí tí wọ́n jẹ́, ó jọ pé wọ́n fẹ̀yìn tì ṣáájú 2007 nìyẹn. Ìdí tí PFA ò fi mọ̀ wọ́n rí nìyẹn, kì í ṣe pé owó sọnù. Kí wọ́n mú ìwé ìgbàsíṣẹ́ àkọ́kọ́ dání, àti ìwé ìgbéga tó kẹ́yìn, àti ìwé ìfẹ̀yìntì. Kí wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì gbogbo ẹ̀, kí ojúlówó má ṣe kúrò lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n kọ BVN àti NIN sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé, torí nọ́ńbà 11 ni méjèèjì, àgbàlagbà sì máa ń pe ọ̀kan fún èkejì. Bí orúkọ tó wà lára BVN ò bá bá ti NIN mu, báǹkì tàbí NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ni kí wọ́n ti lọ tún un ṣe, PTAD ò lè bá wọn ṣe ìyẹn.